Ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò l'Ábùjá: ṣé ti àwọn tó ń mutí nìkan ni?

Ẹ sọ fún ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Àbùjá pé kí ẹ pàdé ní páàkì, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé níbo lẹ ń lọ, torí pé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò ni páàkì létí rẹ̀. Bí ẹ bá wá ṣàlàyé pé ọgbà ìgbafẹ́ lẹ ní lọ́kàn, ẹ̀rín ló máa rín. Á ní, "Háà, ibi ẹja!" Ẹja yíyan, bíà tútù, àga oníke lábẹ́ igi, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìtumọ̀ méjì yìí ni ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní olú-ìlú wa. Ìtumọ̀ kẹta, ìyẹn ibi tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti lè sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kì í sábà wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Ìtumọ̀ kẹta yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dàgbà ní Àbùjá, inú fúláàtì ni wọ́n ti ń dàgbà, géètì ní iwájú, símẹ́ńtì ní ẹ̀yìn, fóònù màmá wọn lọ́wọ́. Ọgbà ìgbafẹ́ sì lè wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé wọn. Àwọn òbí ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, wọn ò wọ ibẹ̀.

Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nílùú tí wọ́n dìídì yàwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba ṣe òfin tó dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1979, àwòrán ìlú náà ti jáde. Ara ohun tó wà nínú àwòrán yẹn ni pé kí wọ́n má kọ́lé sí ẹ̀bá àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn kọjá láàárín ìlú, kí ó jẹ́ ewéko àti igi, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní ọgbà tirẹ̀. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ilé jẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà olú-ìlú, láti 2003 sí 2007, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n gba àwọn ilẹ̀ kan padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ọgbà àdúgbò lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ láti tún wọn ṣe kí wọ́n sì máa mójú tó wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003 kan náà ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí Millennium Park ní Maitama, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn aládàáni yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti wá. Ẹni tó ń san owó ilẹ̀, tó ń bu omi rin koríko, tó ń san owó ọ̀dẹ̀ àti ti agbálẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí owó níbì kan. Ọmọ tó ń gun jáńgolófà kì í mú owó wọlé. Ẹni tó jókòó ti ìgò mẹ́ta àti ẹja kan láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, òun ló ń mú un wọlé. Díẹ̀díẹ̀, àga ń pọ̀ sí i, koríko ń dín kù, jáńgolófà ń dógùn-ún, wọn ò sì tún un ṣe. A ò dá onílé ọtí lẹ́bi pé ó ń ta ọtí. Ohun tí a ń sọ ni pé ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ará àdúgbò ti di ṣọ́ọ̀bù, ará àdúgbò sì ti gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, ẹ máa rí ọgbà mìíràn pátápátá. Àwọn àgbàlagbà méjì mẹ́ta tó wọ bàtà kánfáàsì ń rìn yípo. Agbálẹ̀ ń kó ìdérí ìgò. Afẹ́fẹ́ tutù, ẹyẹ ń ké, kò sí orin kankan. Ní Jabi, létí adágún omi, àwọn tó ń sáré ti wà níbẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Tó bá di ọ̀sán Sátidé àti Sunday, Millennium Park á kún fún ìdílé tó gbé ẹní, kúlà àti ìkòkò ìrẹsì wá. Ẹ máa rí ọmọ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ẹ máa rí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tó wá ya fọ́tò. Àmọ́ Millennium Park kọ́ ni ọgbà àdúgbò. Mọ́tò la fi ń lọ síbẹ̀. Ọgbà tí à ń sọ ni èyí tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, kékeré, tó ṣeé lọ fún ìṣẹ́jú ogójì kí ẹ tó wá se oúnjẹ alẹ́.

Kí ló dé tí àwọn òbí kì í lọ? Bí a bá fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ, ìdí mẹ́ta ló ń jáde léraléra. Àwọn kan sọ pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń mutí, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn kan sọ pé ẹ̀rù ààbò ń bà wọ́n, wọn ò sì ṣàṣejù: ìjọba fúnra rẹ̀ ti pàṣẹ rí pé kí àwọn ọgbà máa tètè tì nírọ̀lẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn yòókù sọ ohun tó dùn wá jù, pé àwọn ò mọ̀ pé ẹni tí kò bá ra nǹkan lè wọlé. Wọ́n rí géètì, wọ́n rí ọ̀dẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí àwọn àga tó tò lọ rẹrẹ, wọ́n sì rò pé àwọn olówó tàbí àwọn tó fẹ́ ná owó nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ìdílé tí owó oṣù rẹ̀ ń tán ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kò ní gbé ọmọ mẹ́ta lọ síbi tí ìgò omi ti di méjì ohun tí wọ́n ń tà á níta.

Kí a tó dé orí ewu, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ara ọmọ ń rí gbà níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìmọ̀ràn kan jáde ní ọdún 2019 lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa lo ó kéré tán 180 ìṣẹ́jú lójúmọ́ nínú ìrìn, ìfò, ìgùn àti eré oríṣiríṣi. Ti ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, 60 nínú ìṣẹ́jú yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ eré tí èémí rẹ̀ á fi máa yára. Wákàtí mẹ́ta! Ẹ fojú wo pálọ̀ yín, ẹ sọ fún wa bí ọmọ ṣe fẹ́ rí wákàtí mẹ́ta sá eré níbẹ̀ láì fọ́ nǹkan. Ìmọ̀ràn kan náà sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Ohun kan wà nínú ìmọ̀ràn yẹn tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, tí a kì í sábà gbọ́. Wọ́n ní kí ọmọ má wà lójú kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yálà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, lórí àga, tàbí lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n. Pípọ̀n dára, ó ń fún ọmọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀, a ò ní kẹ́ ẹ má pọ̀n ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pọ̀n ọ́n rìn dé ọgbà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè rá, ẹ tẹ́ aṣọ fún un lábẹ́ igi, kí ẹ dà á dojú bolẹ̀ nígbà tí kò bá sùn, kí ó máa gbé orí sókè kó máa wo ewé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n ní kí ó ṣe é lójúmọ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Eré ni lójú yín, àmọ́ ọrùn, èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń le.

Àwọn tó ti ń lọ sílé ìwé ńkọ́? Láti ọdún márùn-ún títí dé 17, ìmọ̀ràn WHO ti ọdún 2020 sọ pé kí ó máa tó 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí ó sì ní eré tó le dáadáa àti èyí tó ń fún egungun lókun, bíi fífò àti sísáré, ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé gbé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tó jókòó ní kíláàsì, tó tún jókòó ní lẹ́sìnnì, tó sì padà dé ní aago márùn-ún láti ṣe iṣẹ́ àmúrelé, níbo ló ti rí 60 ìṣẹ́jú yẹn?

Ojú náà wà níbẹ̀. Ní ìlú Guangzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn olùwádìí fi 40 ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń lò níta gbangba lójoojúmọ́ ilé ìwé, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́ta. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Láàárín àwọn ọmọ tí wọn kò fi àkókò kún tiwọn, bíi 40 nínú 100 ni ojú wọn ti di èyí tí kì í rí ọ̀ọ́kán mọ́, tí wọ́n á máa fún ojú pọ̀ kí wọ́n tó ka ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Láàárín àwọn tó ń jáde síta, bíi 30 ni. Kì í ṣe pé ìta gbangba wo ojú ẹnikẹ́ni sàn. Ohun tó ṣe ni pé ó dín iye àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ kù. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni wọ́n gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ náà, ìmọ́lẹ̀ inú ilé kò sì lè tó o, bó ti wù kí gílóòbù yín mọ́lẹ̀ tó. Ọmọ kò ní láti wo oòrùn tàbí kó dúró sínú rẹ̀ o. Abẹ́ igi níta tó.

Ọ̀rọ̀ oòrùn yìí ló jẹ́ ká ṣe àlàyé kékeré kan, torí a mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Mo ń gbé ọmọ mi jáde sí oòrùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ́ lè nà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọgbà dípò ilé ìwòsàn. Ní Jos, kò jìnnà sí Àbùjá, àwọn dókítà ṣe ìwádìí lórí ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999 fi hàn pé kálísíọ́ọ̀mù tí oúnjẹ àwọn ọmọ náà kò ní tó ló fa ìṣòro náà jù, kì í ṣe àìrí oòrùn. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ́ọ̀mù ló sàn jù. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ nílò dókítà. Ó sì nílò mílíìkì, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, àti ẹ̀fọ́.

Ẹlòmíì tún wà nínú ilé tí ọgbà yìí ṣe pàtàkì fún, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Màmá àgbà ni, tó wá láti Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ láti wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Nílé tirẹ̀, ó ń rìn lọ sọ́jà, ó ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó ń kí ará ilé mẹ́wàá kó tó dé ojú títì. Ó dé Àbùjá, wọ́n mú un gun òkè àjà kejì, wọ́n ti géètì. Ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ ń lọ síbi iṣẹ́. Kò gbọ́ Hausa, kò mọ ará ilé kejì. Oṣù mẹ́ta ló máa fi jókòó sójú kan, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó fi máa padà, orúnkún ti le, ẹsẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń fi oògùn bá wí ti tún gbérí. Wọ́n á ní ọjọ́ orí ni. Nígbà mìíràn, àìrìn ni.

Àgbàlagbà nílò 150 sí 300 ìṣẹ́jú ìrìn tàbí eré ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀ kan. Bí a bá pín 150 sí ọjọ́ márùn-ún, 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni. Ìyípo ọgbà kékeré ní ìgbà díẹ̀ ti tó o. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65 tún nílò ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin kó má baà ṣubú, bíi dídìde sókè láti orí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan, àti dídúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó lè dì mú. Ìyá ọmọ tuntun náà ńkọ́? Bí kò bá sí ìṣòro nígbà ìbímọ, ìrìn jẹ́jẹ́ ń ràn án lọ́wọ́, fún ara àti fún ọkàn. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tuntun ló ń sunkún nínú ilé láìmọ ìdí. Kí ó jáde, kí ó rí ojú ìyá mìíràn, kí wọ́n jọ rojọ́ ọmọ tí kì í sùn lóru, kì í ṣe ohun kékeré rárá. Bí ẹkún náà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tó bá ń ní èrò láti ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ ní jàǹbá, ilé ìwòsàn ni kó lọ, kò gbọ́dọ̀ dúró rárá.

Ó yẹ ká sọ ti ewu náà, torí àwọn tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe òmùgọ̀.

Èéfín la máa fi ṣáájú. Ẹja àti sùúyà tí wọ́n ń fi èédú yan ń tú èéfín tó kún fún èérún tó kéré débi pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọmọ tó ní ikọ́ sémìísémìí, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ásímà, lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí hélẹ̀hélẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ sì jókòó sí òdìkejì ibi ìyan. Ti sìgá ní tiẹ̀ kò ní àríyànjiyàn: òfin ìṣàkóso tábà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu sìgá ní ibi ìṣeré ọmọdé àti nínú ọgbà ìgbafẹ́ gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ọgbà ló ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ lè rọra sọ fún wọn. Òfin wà lẹ́yìn yín.

Ariwo ńkọ́? Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, orin yẹn ti pọ̀ jù fún etí ọmọ. Etí ọmọ tí ariwo bá bà jẹ́ kì í padà sípò. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀fọn tó ń fa ibà, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń jẹni jù. Ìdí mìíràn tí a fi ń sọ pé òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ nìyẹn, tàbí ìrọ̀lẹ́ kí ó tó di aago mẹ́fà. Àwọn ẹ̀fọn mìíràn wà tí wọ́n ń jẹni ní ojúmọ́, lára wọn ni èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, nítorí náà ẹ rí i pé ọmọ yín gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá rí ike, táyà tàbí ìkòkò òdòdó tí omi dúró sí nínú ọgbà, ẹ da omi náà nù.

Ooru Àbùjá láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin kì í ṣe eré. Irin tí àwọn ọmọ ń gùn kí wọ́n tó yọ̀ wálẹ̀ lè jó wọn nítan bí ẹni fi páànù gbígbóná kàn wọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kàn án ná kí ọmọ tó gùn ún. Ẹ mú omi dání láti ilé. Ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀nídìde gbọ́dọ̀ máa mu omi léraléra, kó máa sinmi, kó má ṣeré débi tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni, ẹ má tìtorí ooru fún un lómi; ẹ kàn máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́ ni. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo ìlú débi pé ẹ kò rí àpáta Aso, ẹ jẹ́ kí ọmọ oní-ásímà ṣeré nínú ilé lọ́jọ́ náà.

Ẹ wọ bàtà fún wọn, torí aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tútù. Ẹ fọ ọwọ́ wọn pẹ̀lú ọṣẹ kí wọ́n tó jẹ ohunkóhun. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, kódà bí ojú egbò bá kéré, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i. Létí adágún Jabi tàbí odò èyíkéyìí, ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín lè tó o, kì í ṣe ibi tí ojú yín lè tó o. Ọmọ kì í pariwo bó bá ń rì. Ẹ fi fóònù sínú báàgì.

Ti ọtí yẹn ńkọ́, tó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí àwọn òbí ń sọ? Èrò tiwa rèé. Òbí tó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun máa wo àwọn tó ti yó, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ní aago méje òwúrọ̀, kò sí ẹni tó yó níbẹ̀. Tí gbogbo ìdílé bá ti sá kúrò nínú ọgbà nítorí ọtí, ọtí nìkan ló kù tó máa gbilẹ̀ níbẹ̀. Olùtọ́jú ọgbà tí kò rí ọmọ kankan láti oṣù kìíní dé oṣù Kejìlá, kí ló fẹ́ tún jáńgolófà ṣe fún? Bí ìyá mẹ́wàá bá ń wá pẹ̀lú ọmọ wọn ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta àkàrà àti ògì. Oníṣòwò ni.

A ò ní di gbogbo ẹrù ru òbí o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà ní olú-ìlú ló ń fún àwọn aládàáni níwèé, ọwọ́ wọn ló sì wà láti sọ nínú ìwé náà pé apá kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọdé, láìsí àga ọtí, láìsí ibi ìyan, pẹ̀lú iyanrìn rírọ̀ lábẹ́ ohun ìṣeré dípò símẹ́ńtì tó ń fọ́ ọmọ lórí. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mímọ́ àti omi wà. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu géètì pé ẹni tí kò ra nǹkan lè wọlé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò ná ju ọ̀dà àti pátákó lọ, a sì rò pé òun ló máa mú èèyàn wọlé jù.

Àwọn tó ń gbé ní Nyanya, Karu, Lugbe àti Kubwa á ti máa sọ pé àwọn wo là ń bá wí, torí pé ọgbà ò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ àárín ìlú lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Pápá ilé ìwé ìjọba wà níbẹ̀, tí wọ́n máa ń tì pa láti ọ̀sán Friday dé òwúrọ̀ Monday. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n ṣí i fún wákàtí méjì ní òwúrọ̀ Sátidé, kí òbí méjì sì máa ṣọ́ ọ ní ìyípo. Owó kékeré fún ọ̀dẹ̀ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ẹ rìn yí pápá náà ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ṣa ìgò fífọ́ àti irin kúrò.

Ẹ̀yin tí ọgbà wà nítòsí yín, ẹ kọ́kọ́ lọ láìmú ọmọ dání. Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ yà síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹ wo bóyá ìdè jáńgolófà ṣì lágbára, bóyá ìṣó ò yọrí, bóyá kòtò tàbí kànga kan wà tí wọn kò dé, ibi tí ajá ń sùn sí, àti ẹnu ọ̀nà mélòó ni ọmọ lè gbà jáde sí títì. Ẹ bi ọ̀dẹ̀ léèrè aago tí wọ́n ń ṣí. Tó bá di Sátidé, ẹ gbé màmá, ọmọ, ẹní kan, omi, ọṣẹ àti páńpásì méjì, kí ẹ ti dé ibẹ̀ ní aago méje. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi yín pé kí lẹ fẹ́ rà, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní kò tíì yá, kí ẹ sì bi í pé ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.